Ẹ Má Tẹ Àtàǹpàkò Sí Ìwé Ní Tésàn

Lóṣooṣù ni wọ́n ń gbé ẹni tí mọ́tò gbá lẹ́nu iṣẹ́ wá bá mi, lẹ́yìn tó ti tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn ní tésàn tán. Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Lọ́yà, ṣé a ò lè mú ọ̀gá rẹ̀?" Ṣé ọ̀gá ló wa mọ́tò ni?

Bí ará ìta bá ṣe yín léṣe lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀nà méjì ni Employees' Compensation Act ọdún 2010, òfin tó wà fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, là sílẹ̀: kí ẹ gba owó gbà-máà-bínú lọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó náà, tàbí kí ẹ pe ẹni náà lẹ́jọ́. Ọ̀kan lẹ máa mú. Ẹ fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14, kí ẹ sì béèrè owó náà kí ọdún kan tó pé. Ẹ má sọ pé ẹ ò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Òfin náà mọ ọmọ ẹnu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó mọ alágbàṣe, ó mọ ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹni tó fara pa lójú ọ̀nà ilé sí ibi iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀.

Ìwé "sẹ́túmẹ́ǹtì", ìyẹn ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí, ni mo ń bá jà. Ọmọkùnrin kan ń fi máṣíìnì gbé búrẹ́dì fún ọ̀gá rẹ̀, típà oníyanrìn gbá a ní ọ̀nà Gánmọ̀. Wọ́n fún un ní ₦40,000 ní tésàn, wọ́n kọ ọ́ fún un pé òun ò ní bá onímọ́tò fa ohunkóhun mọ́, wọ́n ki àtàǹpàkò rẹ̀ bọ íńkì, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Kò mọ̀wé kà. Àwọn àgbà tó dá sí i ní kádàrá ni. Mùsùlùmí ni mí, mo gba kádàrá gbọ́. Àmọ́ ẹ̀sìn wa náà ló fi owó ẹ̀jẹ̀ lélẹ̀ fún ẹni tó ṣèèṣì ṣe ọmọnìkejì léṣe!

Wọ́n wá gbé e lọ sọ́dọ̀ atoegun. Ẹsẹ̀ jẹrà, wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún. Nígbà tí mo béèrè fáìlì, kò sí. Àwọn atoegun wọ̀nyí kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé dókítà ni mo fi ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé típà yẹn ní ínṣọ́ránsì third party, èyí tó ń sanwó fún ẹni tí mọ́tò bá ṣe léṣe. Òfin sọ ọ́ di dandan fún gbogbo mọ́tò nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìwé oníka yẹn ni lọ́yà wọn ń gbé sókè báyìí, mo sì ń bá a fà á.

Nítorí náà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Kí ẹni tó wà pẹ̀lú yín ya fọ́tò nọ́ńbà mọ́tò àti ìwé ínṣọ́ránsì rẹ̀. Tó bá jẹ́ mọ́tò ìjọba, oṣù mẹ́ta péré lòfin fún yín láti pe òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà á lẹ́jọ́, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹsẹ̀ máa san kí ẹ tó wá rí lọ́yà.