Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń fi iná wo ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ?

Fídíò kan ń ká orí WhatsApp l'Ákùrẹ́: wọ́n lẹ nǹkan pẹlẹbẹ kan mọ́ iwájú orí ọmọ ìkókó, wọ́n ní iná ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ rẹ̀. Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ rèé.

Ṣé òótọ́ ni?
Òótọ́ ni. Láti 1977 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Frans Jöbsis ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Báwo ni iná ṣe ń gba agbárí wọlé?
Tí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, ẹ fi ọwọ́ bo ojú tọ́ọ̀ṣì. Ìka yín á pọ́n bí ẹyin iná, torí pé ìmọ́lẹ̀ pupa ń rí ọ̀nà gba inú ẹran ara ju àwọn àwọ̀ yòókù lọ. Èyí tí dókítà ń lò tún ré kọjá pupa díẹ̀, ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn máa ń pọ́n fòò, èyí tó ti sọ ọ́ kalẹ̀ máa ń ṣú, wọn kì í sì í gbé ìmọ́lẹ̀ mì bákan náà. Ẹ̀rọ náà á tan iná sí orí, á ka ìwọ̀nba tó padà jáde ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 síbẹ̀. Tó bá jẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré ni wọ́n fẹ́ mọ̀, léésà ni wọ́n ń lò: bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe ń yára tó ni ìmọ́lẹ̀ tó padà ṣe máa ń ṣẹ́jú tó.

Ṣé ó ń pa ọmọ lára bíi X-ray?
Kì í ṣe irú ìtànṣán X-ray rárá.

Ṣé gbogbo ọpọlọ ló ń rí?
Rárá. Lára àgbà, eteetí òkè ló mọ. Agbárí ọmọ ìkókó fẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tó fi wúlò fún wọn jù.

Àwa aláwọ̀ dúdú ńkọ́?
Ìyá kan tó ń ta aṣọ l'Ọjà Ọba ló bi mí, ìbéèrè náà sì ká mi lára. Àwọ̀ dúdú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ní 2020, àwọn dókítà Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka: iye ìgbà tí kò rí i pé ọ́síjìn aláìsàn ti lọ sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta lára aláwọ̀ dúdú ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Ọgbọ́n kan náà ni ti orí ń lò. Kí wọ́n tó rà á wá síbí, ó yẹ ká bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n dán an wò lára irú wa.

Ṣé ó lè sọ fún mi pé rọpárọsẹ̀ ń bọ̀?
Kò lè sọ ọ́. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín.

Tí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ ńkọ́?
Ẹ má fún un ní epo tàbí àgbo mu, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun òdì. Ìbáà jẹ́ Ìdànrè lẹ wà, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tó ní CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, lójú ẹsẹ̀. Òun ló ń fi hàn bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ dí ni tàbí ó bẹ́. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì kì í sábà wúlò mọ́ lẹ́yìn wákàtí 4 àtààbọ̀. Ẹ wo aago, kí ẹ kọ ìgbà tí ara rẹ̀ ṣì dá gbẹ̀yìn sílẹ̀, òun ni dókítà máa kọ́kọ́ bèèrè.