Láti Oríta dé Géètì: Ibi Tí Owó Ìgbafẹ́ Ti Ń Di Gọbọi

Bí èèyàn bá béèrè ní Akúrẹ́ tàbí Oǹdó ibi tó lè lọ gbafẹ́ láìná owó rẹpẹtẹ, ìdáhùn tó ń kọ́kọ́ jáde ni pé kó má lọ jìnnà. Èkejì ni pé kó wádìí owó géètì. Ìmọ̀ràn méjèèjì gbajúmọ̀, méjèèjì ò sì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Owó géètì ló sábà máa ń kéré jù nínú ìnáwó náà, ọgọ́rùn-ún kìlómítà lórí títì márosẹ̀ sì lè dín owó ju kìlómítà mẹ́jọ lójú ọ̀nà abúlé. Ibi tí owó ti ń jábọ́ ni ìrìn kékeré tó ṣẹ́ kù láàárín oríta tí mọ́tò èrò já èèyàn sí àti ẹnu géètì.

Owó mọ́tò èrò dà bí màlúù ọdún tí ará àdúgbò dáwó jọ rà. Ọkọ̀ tó gbéra ní Akúrẹ́ lọ sí Iléṣà ní bẹntiróòlù láti rà, ó ní tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì, ó sì ní iye tí dẹ́rébà máa jíṣẹ́ fún ọlọ́kọ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn èrò ló pín gbogbo rẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́, kálukú gba ìpín tirẹ̀. Dẹ́rébà mọ̀ pé òun máa rí èrò kó bọ̀ láti Iléṣà, nítorí náà kò sẹ́ni tó san owó àbọ̀ rẹ̀. Àmọ́ tó bá di oríta, àwọn yòókù ń bá tiwọn lọ, ìwọ nìkan ló sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni wàá ti gba ṣátà, ìyẹn odidi ọkọ̀ fún ìwọ nìkan, tí wàá dá odidi màlúù rà. Kò tán síbẹ̀: dẹ́rébà mọ̀ pé kò sí èrò tóun máa gbé padà láti ìdí ìṣàn omi tó ò ń lọ wò, ó fi owó àbọ̀ lé e. O ti ra màlúù, o tún ti san owó okùn tí wọ́n fi fà á wá. Tó o bá ní kó dúró dè ọ́, koríko tó jẹ títí dìgbà tí wọ́n pa á náà ti wọ owó rẹ.

Ká fi àga, ìyẹn owó ìjókòó èrò kan, ṣe òṣùwọ̀n dípò náírà, nítorí owó bẹntiróòlù kì í dúró sójú kan. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ elérò mẹ́rin tó bá gbéni wọ ọ̀nà tí mọ́tò èrò kì í tọ̀ máa gba àga mẹ́rin fún àlọ, mẹ́rin fún àbọ̀. Tó bá dúró fún wákàtí méjì, á fi bí àga méjì kún un fún èrò tí ì bá ti gbé. Ó di mẹ́wàá. Ẹni tó dá lọ máa san àga mẹ́wàá. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, àga méjì àtààbọ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni karùn-ún ló ń ba ìṣirò jẹ́: ó ti di ọkọ̀ méjì, àga ogún fún èèyàn márùn-ún, mẹ́rin-mẹ́rin lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún fi ń náwó ju ti ẹlẹ́ni mẹ́rin lọ, tí wọ́n á sì máa di ẹ̀bi ru oúnjẹ. Iye tí ọkọ̀ ń gbà ni kí wọ́n fi kó ẹgbẹ́ jọ: mẹ́rin fún ọkọ̀ kékeré, mẹ́fà tàbí méje fún Sienna, mẹ́rìnlá fún bọ́ọ̀sì.

Ohun tó dùn mọ́ni jù nínú ètò yìí ni pé ó sọ ìdí tí ibi ìtàn fi sábà máa ń rọni lọ́rùn ju ibi omi lọ. Ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ náà ni èèyàn gbé, àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn sì ṣì wà níbẹ̀ tàbí nítòsí tí wọ́n ń lọ ọjà. Mọ́tò èrò ò lè ṣe kó má dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti Akúrẹ́ sí Ìdànrè kò tó 30 kìlómítà, takisí ń lọ ń bọ̀, ọ̀kadà sì ń gbéni láti àárín ìlú dé ẹsẹ̀ òkè. Ìlú àtijọ́ tó wà lókè náà ti wà lórí àkọsílẹ̀ onígbà díẹ̀ àjọ UNESCO, ti àwọn ibi tó lè di ogún àgbáyé, láti 2007, àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Ilé-Ifẹ̀ náà nìyẹn: ààfin, mùsíọ́ọ̀mù àti Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ìgboro ni gbogbo wọn wà. Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sínú ogún àgbáyé ní 2005, ẹ̀gbẹ́ Òṣogbo ló wà, ọ̀kadà kan ti tó. Ẹni tó bá ti Akúrẹ́ lọ sí Òṣogbo rin kìlómítà tó pọ̀ ju ti ẹni tó lọ wo ìṣàn omi lọ, síbẹ̀ kò ní gba ṣátà kankan.

Omi ò ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Orísun omi àti àpáta ni í yan ibi tó wù wọ́n, ó sì sábà máa ń jẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ò kọ́lé sí. Ìṣàn omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ló sàn díẹ̀, torí pé ẹ̀bá ọ̀nà Akúrẹ́ sí Iléṣà ni wọ́n ti ń yà sí i. Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná ti ń pàdé omi tútù, ò sí lórí ọ̀nà márosẹ̀ kankan. Ọkọ̀ tó ń kó èrò wọ ibẹ̀ ò tó nǹkan. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ìṣàn omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò ò jìnnà sí i. Tí ṣátà kan bá dé ibi méjèèjì lọ́jọ́ kan, odidi màlúù náà ti bọ́ àsè méjì. Àsìkò náà ṣe pàtàkì: láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, ìṣàn omi máa ń dín kù, èèyàn lè sanwó lọ wo àpáta tó ń sunkún díẹ̀díẹ̀. Tí òjò bá sì pọ̀ jù, àpáta á máa yọ̀, gígun òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà á di ewu.

Etíkun ni èyí tó ń ya èèyàn lẹ́nu jù. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní òkun tirẹ̀ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, àmọ́ ẹni tó ń gbé ní Akúrẹ́ lè rí òkun Èkó pẹ̀lú wàhálà tó kéré sí i. Láti Oǹdó, èèyàn á gba Ọ̀rẹ̀ dé Òkìtìpupa, ó di Igbókòdá, lẹ́yìn náà ó di ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ ojú omi ò ní gbéra títí yóò fi kún. Ẹni tó bá dé èbúté lọ́sàn-án lè jókòó títí, kó wá gba ọkọ̀ náà ní ṣátà, bẹntiróòlù ojú omi sì ń jẹ owó. Ọjọ́ ọjà ló yẹ kéèyàn lọ, láàárọ̀, tí èrò fi ń kún ọkọ̀ kíákíá. Kéèyàn sì ṣèwádìí kó tó gbéra: ní Ayétòrò, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ní ti Èkó, ìyàtọ̀ wà láàárín etíkun tí bọ́ọ̀sì ìgboro ń dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bíi ti Ẹlẹ́gúṣì, àti Tarkwa Bay tó jẹ́ pé omi nìkan ni wọ́n ń gbà lọ. Àgbádárìgì ló fi gbogbo wọn tayọ fún ẹni tó fẹ́ ìtàn àti òkun pọ̀: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti 1845, àti ọjà ẹrú Vlekete ò jìnnà síra, ọkọ̀ ojú omi kan sì ń gbéni sọdá sí Gbẹ̀rẹ̀fù níbi tí òkun wà.

Òtẹ́ẹ̀lì ò fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ti inú ìlú ńlá, àwọn tó wá ṣiṣẹ́ ló ń kún un láti Ajé sí Ọjọ́bọ̀, wọ́n sì máa ń gbà kéèyàn dúnàádúrà lópin ọ̀sẹ̀ tí kò bá sí àríyá ńlá nítòsí. Ti ibi ìgbafẹ́, òdìkejì ni. Òṣogbo lásìkò ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ, ẹni tó fẹ́ tọ́jú owó kò gbọdọ̀ wá yàrá níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, ọkọ̀ ń kún láti Èkó wálé, wọ́n sì ń wá èrò padà. Ẹni tó ń lọ sí Èkó ṣáájú Kérésì lè rí owó mọ́tò tó rọ̀. Àmọ́ òtẹ́ẹ̀lì Èkó lásìkò náà á gba owó ọ̀hún padà pẹ̀lú èlé.

Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ràn láti tún géètì kùn, kí wọ́n kọ́ ilé àlejò, kí wọ́n gbé pátákó ńlá sójú títì. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ń ti oríta lọ lágogo mẹ́sàn-án ní gbogbo Sátidé, tó sì ń padà lágogo mẹ́rin, yálà ó kún tàbí kò kún, máa dín ìnáwó kù ju kí wọ́n yọ owó géètì pátápátá lọ. Kò sí ohun ribiribi níbẹ̀ tí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀, bóyá ìyẹn ló fà á tí wọn ò fi ṣe é.

Títí dìgbà náà, oríta ni wọ́n ti ń dúnàádúrà, kì í ṣe ẹnu géètì. Kí wọ́n dárúkọ àlọ, àbọ̀ àti wákàtí ìdúró lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí dẹ́rébà tó gbọ́ àlọ nìkan á sọ iye tó bá wù ú fún àbọ̀ nígbà tí kò sí ọkọ̀ mìíràn. Ìdajì ni kí wọ́n san, kí ìyókù di ìgbà tí wọ́n bá padà dé oríta. Owó náà gbọ́dọ̀ jẹ́ káàṣì, torí nẹ́tíwọọ̀kì kì í dájú láàárín òkè. Kí wọ́n sì kúrò nídìí omi kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, kí mọ́tò èrò tó ń lọ sí Akúrẹ́ má bàa tán lójú títì.