Àrùn Lyme Kì í Ṣe Àfiṣe

Ìdílé tí kò ní ọmọ tàbí ìbátan kankan ní Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Ìlú Ọba ti ń ṣọ̀wọ́n ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ìdí sì nìyẹn tí orúkọ àìsàn kan tí àwọn òbí wa kò gbọ́ rí fi lè dé etí wa lórí fóònù. Ara ọmọ gbóná, orí ń fọ́ ọ, gbogbo oríkèé ń dùn ún. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí dókítà tó wà lọ́hùn-ún tó pe àìsàn náà ní àrùn Lyme, àwọn ará ilé ti dá ẹjọ́ tiwọn tán: àìsàn tí àyẹ̀wò kò rí, tí ó ń ṣí kiri inú ara, ọwọ́ ayé ni. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, ó sì léwu, nítorí pé oògùn àrùn náà máa ń ṣiṣẹ́ jù lọ nígbà tí aláìsàn bá tètè lò ó tí ó sì lò ó tán.

Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Borrelia burgdorferi ló sábà máa ń fà á, eégbọn ló sì ń gbé e wọ ara ènìyàn. Inú ẹ̀jẹ̀ eku àti àwọn ẹranko kéékèèké mìíràn ni eégbọn ti ń kó o. Kì í ṣe eégbọn tí a mọ̀ lára ajá wa tàbí lára màlúù àwọn Fúlàní ni à ń sọ. Ìyẹn ní àwọn àrùn tirẹ̀ tó ń kó bá ẹran àti ènìyàn. Inú igbó àti koríko gíga ní àwọn ilẹ̀ olótùútù ni irú eyí pọ̀ sí, pàápàá ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ ibi ní Yúróòpù. Nígbà tí ó bá ṣì kéré, kò tó hóró yànmọ̀tí kan, bíbùjẹ rẹ̀ kì í sì í dunni, nítorí náà ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń búra pé kò sí ohun tó bu àwọn jẹ. Lójú ẹni tó ń wá ọ̀tá, ìbúra yẹn á dàbí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n àwa tí a gbà pé ẹ̀fọn lè fi ibà dá géńdé ọkùnrin dùbúlẹ̀, kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti gbà pé eégbọn lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìlú Lyme ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi sọ àrùn náà. Ní 1975, àwọn ìyá méjì ní agbègbè náà kíyè sí i pé oríkèé ń wú àwọn ọmọdé àdúgbò wọn ju bó ti yẹ lọ, wọ́n sì ta àwọn aláṣẹ ìlera lólobó. Dókítà Allen Steere àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale ló tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ eégbọn, nígbà tí ó sì di 1982, Willy Burgdorfer àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kéde kòkòrò náà gan-an. Lónìí, àjọ CDC tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà fojú bù ú pé nǹkan bí 476,000 ènìyàn ni wọ́n ń tọ́jú fún àrùn yìí lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè náà. Ayé wo ni yóò ráyè fi àfiṣe ránṣẹ́ sí gbogbo wọn?

Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ló ń rú àwọn ènìyàn lójú jù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń ṣe kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ara pèsè láti fi bá a jà ló ń wá, èyí sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó pọ̀ débi tí yóò hàn. Ẹni tó bá tètè ṣe àyẹ̀wò lè gba èsì pé kò ní nǹkan kan, kí àrùn náà sì wà lára rẹ̀. Nítorí náà, "àyẹ̀wò kò rí i" kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ilé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ pé àkókò ni kò tíì tó. Àmì ara ni àwọn dókítà máa ń kọ́kọ́ gbára lé. Láàárín ọjọ́ 3 sí 30 lẹ́yìn tí eégbọn bá buni jẹ, ibìkan lára á pọ́n, yóò sì máa fẹ̀ sí i lójoojúmọ́, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ sí bí ènìyàn 70 sí 80 nínú 100. Àwòrán tí wọ́n fi ń kọ́ni nípa rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti awọ òyìnbó. Lára ènìyàn dúdú, ó lè má pọ́n rárá; ó lè kàn dúdú ju ibi yòókù lọ tàbí kí ó dàbí ibi tí a fi ara gbá. Àwọn dókítà pàápàá máa ń fojú fò ó, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń pẹ́ rí àrùn náà lára àwọn ènìyàn wa. Ẹni tó bá ní ọmọ lọ́hùn-ún, kí ó sọ èyí fún un.

Ní ti ẹnu tó wọ́, tí àwọn mìíràn máa ń sọ pé àìrí ló gbá ènìyàn létí, iṣan tó ń darí ojú ni àrùn náà kọlù. Ọ̀pọ̀ jù lọ ni ojú wọn máa ń padà bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí àáfà tàbí pásítọ̀ má gbàdúrà. Ohun tó burú ni kí wọ́n ní kí aláìsàn dá oògùn dúró nítorí omi hàǹtú, òróró tàbí àgbo tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní doxycycline ni wọ́n sábà máa ń lò, fún ọjọ́ 10 sí 14 bí wọ́n bá tètè mọ̀, amoxicillin sì ni wọ́n sábà máa ń fún aláboyún.

Àrùn yìí kì í ràn nípa ìfọwọ́kàn, ìfẹnukonu, ìbálòpọ̀ tàbí jíjẹun nínú abọ́ kan náà.

Lẹ́yìn tí oògùn bá tán, àwọn bí 5 sí 10 nínú 100 ṣì máa ń ní àárẹ̀, ara ríro àti ìgbàgbé fún oṣù mélòó kan. Ojú kì í rí àárẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹbí ti ń ṣẹ aláìsàn jù. Ẹni tó ti ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù bá sọ pé òun kò lè ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn ará ilé á ní ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ́ ọ. Ó sàn kí wọ́n dín ẹrù tó wà lọ́rùn rẹ̀ kù, kí wọ́n sì gbà á gbọ́. Bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì bá wà nítòsí rẹ̀, oúnjẹ sísè, gbígbé ọmọ lọ sí ilé ìwé àti gbígbé òun fúnra rẹ̀ lọ rí dókítà wúlò ju ìmọ̀ràn lọ.

Ó kan àwa tó wà nílé náà. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń lọ tọ́jú ọlọ́mọ ní Amẹ́ríkà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí wọ́n á sì bá àwọn ọmọ jókòó sórí koríko. Bí ara irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá gbóná lẹ́yìn tí ó padà dé, ibà ni wọn yóò kọ́kọ́ ròó sí ní Ìlọrin, èyí sì tọ́ kí wọ́n yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n kí ó sọ fún dókítà ibi tí ó ti ń bọ̀ àti oṣù tí ó lò níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì rí eégbọn lára rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí wọ́n má fi kẹrosíìnì, epo tàbí iná sí i. Kí wọ́n fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ mú un níbi tí ó ti fẹnu kan awọ, kí wọ́n rọra fà á sókè tààrà, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀. Ó sábà máa ń lo ju wákàtí 24 lọ lára kí ó tó kó àrùn náà bá ènìyàn, nítorí náà ẹni tó bá ń yẹ ara rẹ̀ wò ní alaalẹ́ lè yọ ọ́ kúrò kí àkókò yẹn tó pé.