Ta Ló Ń San Owó Ìdẹ̀rùn Swídìn?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń jiyàn lórí Swídìn, Dẹ́nmárkì àti Nọ́wè: pé ṣe ni ìjọba ibẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ olówó, tí wọ́n ń há a fún ọ̀lẹ. Ẹni tó fẹ́ràn ètò ìdẹ̀rùn tí ìjọba ń ṣe fún aráàlú yìí ń fi ọ̀rọ̀ náà yangàn, ẹni tó kórìíra rẹ̀ ń fi í bú u, àwọn méjèèjì ló sì ṣì í sọ. Ká ní olówó nìkan ló ń gbé ẹrù yẹn ni, kò ní pẹ́ rárá tí ètò náà á fi dẹnu kọlẹ̀. Olówó ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílùú kankan.

Ẹ jẹ́ ká wo Swídìn, torí ìṣirò tibẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ká ní nọ́ọ̀sì kan ń gba 40,000 krónà (owó Swídìn) lóṣù. Kí owó yẹn tó jáde rárá, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ti san 31.42% lé e lórí fún ìjọba. Ìyẹn lé ní 12,500 krónà, nọ́ọ̀sì ò sì fojú kàn án rí. Owó orí ìjọba ìbílẹ̀ ló kàn, bíi 32% ni, àmọ́ wọ́n máa ń dín in kù díẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó máa kù sọ́wọ́ rẹ̀ á tó nǹkan bíi 31,000. Ó wá mú owó ọ̀hún lọ sọ́jà kó fi ra bàtà: VAT 25% ti wà lórí bàtà náà. Ti Nàìjíríà, 7.5% ni, a sì mọ bí a ṣe ń pariwo lé e lórí.

Nọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe olówó o. Owó orí ti ìjọba àpapọ̀, tó jẹ́ 20%, kò tiẹ̀ kàn án, torí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ bá lé ní 50,000 dáadáa nìkan ló ń san án, orí èyí tó lé yẹn náà sì ni. Ẹ wá wo apá ibi tí àwọn olówó gidi wà. Owó orí lórí ogún, wọ́n ti pa á rẹ́ ní ìparí ọdún 2004. Owó orí lórí ọrọ̀, ó wábi gbà ní 2007. Owó orí ilé iṣẹ́ jẹ́ 20.6%, ó sì kéré díẹ̀ sí 21% tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń gbà. Wọ́n ti dán ọ̀nà kejì wò rí, kí owó orí wúwo lórí ẹni tówó ń wọlé fún: ní 1976, Astrid Lindgren, obìnrin tó ń kọ̀wé ọmọdé, ṣírò owó orí tirẹ̀, ó rí i pé lórí èyí tó bá wọlé kún tẹ́lẹ̀, 102% ni wọ́n ń gbà. Ariwo ta. Lọ́dún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ òṣèlú tó ti ń ṣèjọba láti 1932, yàtọ̀ sí oṣù díẹ̀, fìdí rẹmi nínú ìbò. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, iṣẹ́ àti ọjà ni wọ́n dojú owó orí kọ jù. Ẹni tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ló ń gbé Swídìn ró.

Kí ló dé tí kò fi bínú? Torí pé èsúsú ni wọ́n ń dá. Ẹ má wò ó bí ìtọrẹ àánú rárá. Nínú èsúsú, ẹni tó ń dá náà ló ń kó, àsìkò ló yàtọ̀. Ará Swídìn máa ń kọ́kọ́ kó kí wọ́n tó bí i, torí aláboyún kì í san kọ́bọ̀ fún ìtọ́jú oyún. Wọ́n bí i tán, òbí rẹ̀ ń gba 1,250 krónà lóṣù lórí rẹ̀. Ó dàgbà tó lọ sílé ìtọ́jú ọmọ, iye tí òbí ń san ní gbèdéke, kò tó 1,800 krónà lóṣù fún ọmọ àkọ́kọ́, ó sì ń lọ sílẹ̀ fún èkejì àti ẹ̀kẹta. Ó dé iléèwé, oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ ni. Ó dé yunifásítì, kò sí owó ilé ẹ̀kọ́ (ọmọ Nàìjíríà tó bá lọ kàwé níbẹ̀ ń san tirẹ̀ láti 2011, kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀). Ìgbà tó bá ríṣẹ́ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá èsúsú, á máa dá a fún bí ogójì ọdún, lẹ́yìn náà á tún kó o lọ́jọ́ ogbó. Ọ̀pọ̀ nínú owó tó ń pooyì nínú ètò yìí ń kúrò lọ́wọ́ èèyàn nígbà tó lágbára, ó ń lọ bá òun kan náà nígbà tí kò ní in.

Ibi tí ọgbọ́n wọn wà gan-an rèé. Bí olórí èsúsú bá sọ fún ìyá alásọ pé, "Ẹ̀yin ti là, ẹ máa dá tiyín, àmọ́ ẹ ò ní kó o," ìyá yẹn ò ní dá a lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Swídìn mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá báńkì fi ń gba 1,250 krónà lórí ọmọ rẹ̀ bí agbálẹ̀ ṣe ń gbà á. Ẹni tó bá wò ó lójú lásán á ní ìnákúnàá ni. Àmọ́ 1,250 yẹn ni wọ́n fi so ọ̀gá báńkì mọ́ ètò náà, òun náà ò sì ní fẹ́ kí ó bàjẹ́. Ètò tó jẹ́ pé aláìní nìkan ló wà fún kì í pẹ́ di ètò játijàti, torí kò sẹ́ni tó lẹ́nu láwùjọ tó máa jà fún un.

Bí èèyàn bá ṣe dá a ló ṣe máa kó o pẹ̀lú. Òbí ní 480 ọjọ́ ìsinmi lórí ọmọ kan. Nínú rẹ̀, 390 ọjọ́ ni wọ́n fi ń wo owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ń gba nǹkan bíi 80% rẹ̀, títí dé gbèdéke kan. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ jẹ́ ti bàbá nìkan, àádọ́rùn-ún jẹ́ ti ìyá nìkan. Bí bàbá ò bá lo tirẹ̀, ó ti jóná. Ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí níbẹ̀, 250 krónà lóòjọ́ ló máa gbà. Àwọn tó rò pé èèyàn kàn lè japa débẹ̀ láàárọ̀ kó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìgbádùn nírọ̀lẹ́ kò tíì ka apá ibí yìí. Ibi tó lọ́ràá nínú ẹran náà, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ni wọ́n gé e fún.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹyọ kan péré nínú àwọn ètò yìí dáadáa. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta ń húkọ́, ara rẹ̀ gbóná. Ilé ìtọ́jú ọmọ ò ní gbà á lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ̀ á fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí pé òun ò ní lè wá, á fa fóònù yọ, á fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Försäkringskassan, àjọ tó ń bójú tó irú owó bẹ́ẹ̀. Ó tán. Wọn kì í béèrè ìwé dókítà àfi tó bá di ọjọ́ kẹjọ. Ọ̀gá rẹ̀ ò ní san owó ọjọ́ yẹn, àjọ ló máa san án, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80%. Ọjọ́ 120 ni wọ́n fàyè gbà lọ́dún lórí ọmọ kan, títí tí ọmọ náà á fi pé ọdún méjìlá.

Ẹ wo ẹni tó ń sanwó níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀gá ló ń san owó ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ò wá, gbogbo ọ̀gá ni ì bá máa sá fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nígbà tó ti jẹ́ pé àpapọ̀ èsúsú ló ń san án, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ò náni ní kọ́bọ̀ ju àpọ́n lọ. Ohun tí ìjọba ń wá nìyẹn, kì í ṣe àánú ló ń ṣe wọ́n. Láti 1971 ni wọ́n ti ya owó orí ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìyàwó, tó fi jẹ́ pé owó oṣù ọkọ ò lè mú kí owó orí ìyàwó wúwo mọ́. Ní 1974, wọ́n sọ ìsinmi ìyá di ìsinmi òbí. Ilé ìtọ́jú ọmọ wá pọ̀ sí i. Obìnrin ya lọ síbi iṣẹ́, ilé tó ní asanwó-orí kan tẹ́lẹ̀ di ilé tó ní méjì. Owó tí ìjọba ná sórí ilé ìtọ́jú ọmọ ń padà wá gba ẹnu ọ̀nà míì wọlé. Èèyàn ò lè mú ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí nìkan kó ní òun ti ṣe bíi Swídìn.

Ọ̀rọ̀ ìfọkàntán náà wà níbẹ̀. Ní Nọ́wè, aráàlú lè yẹ owó orí aládùúgbò rẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti 2014, aládùúgbò náà sì ń rí orúkọ ẹni tó yẹ tòun wò. Ìwé èsúsú ṣí sílẹ̀. Àwa náà ti tọ́ irú rẹ̀ wò díẹ̀ rí. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, wọ́n kọ́kọ́ bu owó orí ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀ lé èèyàn, inú ìlú ò dùn, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC sì na Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, nínú ìbò àpapọ̀ ti 1954 ní Ìwọ̀ Oòrùn gan-an. Ọmọ wọlé síléèwé tán, Action Group ló wọlé ní 1956.

Ṣé ayé wọn wá dára ju tàwọn tó kù lọ? Fún ẹni tó ń tọ́mọ, ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ń ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ ni, kò sí àní-àní. Fínlándì tí ètò tirẹ̀ jọ èyí ló ń gba ipò kìíní láti 2018 nínú ìwé tó ń ka àwọn orílẹ̀-èdè tínú wọn dùn jù lágbàáyé. Fún ẹni tó fẹ́ fi owó oṣù di olówó, ó le díẹ̀. Ẹni tó ti jogún tiẹ̀ ní tirẹ̀ ń jẹ̀gbádùn ju bó ṣe yẹ lọ, torí iṣẹ́ ni wọ́n ń bu owó orí lé, ọrọ̀ ń sinmi. Ibi tí ètò náà ti yingin ni pé ohun tí wọn ò jẹ́ kó wọ́n, wọ́n ń tò fún un. Òfin ní kí aláìsàn rí dókítà àkànṣe láàárín 90 ọjọ́, kò sì ní ṣàì sí ẹni tó máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Stockholm, wọ́n ń gba owó díẹ̀ lọ́dọọdún lọ́wọ́ ẹni tó ń tò fún ilé rẹ́ǹtì tí wọn kì í jẹ́ kí owó rẹ̀ ga sókè. Láàárín ìgboro, ó lè ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó kàn án. Àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò ní ọdún mẹ́wàá nílẹ̀, nítorí náà á lọ gba yàrá lọ́wọ́ ẹni tó gba ilé lọ́wọ́ onílé, á sì sanwó tó lé.