Bí owó iṣẹ́ àkànṣe Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe ń dé àdúgbò ní Abẹ́òkúta

Owó iṣẹ́ àkànṣe ni apá ètò ìsúná tí ìjọba ìpínlẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún ohun tí yóò pẹ́ nílẹ̀ kọjá ọdún kan, bíi títì, afárá, gọ́tà, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ omi àti iná mànàmáná. Ó yàtọ̀ sí ìnáwó ojoojúmọ́, tí wọ́n fi ń san owó oṣù òṣìṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì, epo ọkọ̀ àti bébà ọ́fíìsì. Ní Abẹ́òkúta, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà dé àdúgbò: láti ọwọ́ iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, láti ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, àti láti inú owó tí ìpínlẹ̀ dá pọ̀ mọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tàbí ti Báńkì Àgbáyé. Kí iṣẹ́ wà nínú ìwé ìsúná kò túmọ̀ sí pé owó rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Láàárín ìfọwọ́sí òfin ìsúná àti ìtúsílẹ̀ owó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìdádúró máa ń ṣẹlẹ̀.

== Ìtàn ní ṣókí ==

Kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gba òmìnira lọ́wọ́ Ẹ̀gbá ní ọdún 1914, ìjọba Ẹ̀gbá ní àpò owó tirẹ̀ ní Abẹ́òkúta, owó ibodè sì wà lára ohun tí ó ń wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1918 ni owó-orí tààrà dé, tí ó sì bá iṣẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń fi ipá mú àwọn ènìyàn ṣe láìgbowó pàdé. Ogun Adùbí tí ó bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà wà lára àbájáde rẹ̀. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1940 títí dé 1949, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣíwájú wọn, tako owó-orí àwọn obìnrin, títí tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè fún ìgbà díẹ̀. Ìbéèrè nípa ohun tí wọ́n ń fi owó-orí ṣe ti wà ní ìlú yìí, nígbà náà, ṣáájú kí ìpínlẹ̀ tó wà. Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ láti ara ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn àtijọ́. Ọdún náà kan náà ni àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ wáyé jákèjádò orílẹ̀-èdè.

== Ìpìlẹ̀ lábẹ́ òfin ==

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni ó fi ìlànà lélẹ̀. Abala 120 ní kí owó tí ń wọlé fún ìpínlẹ̀ wọ inú àpò kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má sì mú un jáde láìsí òfin. Abala 121 pa á láṣẹ fún gómìnà pé kí ó gbé àbá ìsúná síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kí ọdún ìnáwó tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn aṣòfin kò bá tíì parí iṣẹ́ lórí rẹ̀, abala 122 gba gómìnà láyè láti ná owó fún ìgbà díẹ̀ kí iṣẹ́ ìjọba má baà dúró.

Àfikún kẹrin ìwé òfin náà to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: ọjà, gáréèjì, itẹ́ òkú, títì kéékèèké, gọ́tà, iná ojú pópó, àti ipa nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ohun tí ará àdúgbò máa ń bi gómìnà léèrè, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni lójú òfin.

== Orísun owó ==

Nínú owó tí ó wọ àpò àjùmọ̀ní orílẹ̀-èdè, ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68%, àwọn ìpínlẹ̀ 26.72%, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 20.60%. Ìpínlẹ̀ Ògùn tún ní ànfààní owó tí ó ń pa wọlé fúnra rẹ̀, nítorí àwọn iléeṣẹ́ tí ó pọ̀ ní Àgbárá, Sàngó-Ọ̀tà àti Ṣágámù, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbé lẹ́bàá Èkó. Gbèsè ni orísun kẹta. Òfin tí ó ń ṣàkóso ìnáwó ìjọba, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2007, sọ pé iṣẹ́ àkànṣe àti ìdàgbàsókè ọmọnìyàn nìkan ni ìjọba lè yá owó fún.

Ètò ìsúná ọdún 2024 tí Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún gbé kalẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ₦703 bílíọ̀nù, ti ọdún 2025 sì kọjá ₦1 tírílíọ̀nù. Nínú méjèèjì, owó iṣẹ́ àkànṣe ju ìdajì lọ. Ó yẹ kí òǹkàwé ṣọ́ra pẹ̀lú irú iye bẹ́ẹ̀. Iye tí wọ́n fọwọ́ sí ni, kì í ṣe iye tí wọ́n ná, àti pé lẹ́yìn tí iye náírà já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023, ìsúná tí ó wú lórí ìwé lè má ra àpò sìmẹ́ǹtì tó ti tẹ́lẹ̀.

== Bí iṣẹ́ kan ṣe ń wọ inú ìwé ìsúná ==

Ní àárín ọdún ni ìmúrasílẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ ètò ìsúná ní Òkè-Mosàn, níbi tí sẹkitéríàtì ìjọba wà, á kọ́kọ́ ṣe àfojúsùn ọdún mẹ́ta nípa owó tí ó ṣeé ṣe kí ó wọlé, lẹ́yìn náà ni yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n mú ìbéèrè wọn wá láìkọjá iye kan. Wọ́n tún máa ń pe ìpàdé ìta gbangba ní àwọn ẹkùn ìpínlẹ̀ náà, níbi tí àwọn ọba, baálẹ̀, ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CDA, ti ń sọ ohun tí àdúgbò wọn nílò. Ọ̀rọ̀ títì àti gọ́tà kì í wọ́n níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan fi ọ̀nà náà hàn. Ká ní àdúgbò kan lẹ́bàá odò Sókorí ń fẹ́ kọ́fáàtì tí omi yóò máa gba abẹ́ títì kọjá. Àwọn onílé á pàdé, alága àti akọ̀wé CDA á fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n á so àwòrán ibi tí omi ti gbẹ́ mọ́ ọn, wọ́n á sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ àti sí aṣòfin tí ń ṣojú wọn. Bí iléeṣẹ́ tí ó kàn bá gbà, ẹnjiníà á wá pẹ̀lú okùn ìwọ̀n, á wọn fífẹ̀ odò àti gíga bèbè rẹ̀, á sì ṣírò irin, òkúta wẹ́wẹ́, iyanrìn, sìmẹ́ǹtì àti owó iṣẹ́. Iye tí ó bá jáde ni yóò wọ inú àbá ìsúná.

Níbi yìí ni nọ́ńbà ti ń wọlé. Gbogbo ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà ń lo ìlànà ìṣirò owó kan náà, tí ó pín ìdámọ̀ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́fà: iléeṣẹ́ tí ó ni ín, irú ìnáwó, irú iṣẹ́ ìjọba, ètò tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, àpò tí owó ti wá, àti ibi tí iṣẹ́ wà. Nínú ìdámọ̀ irú ìnáwó, 21 ni owó òṣìṣẹ́, 22 ni ìnáwó ojoojúmọ́ yòókù, 23 ni iṣẹ́ àkànṣe. Nọ́ńbà 2301 dúró fún ohun ìní tí wọ́n rà, 2302 fún ohun tí wọ́n kọ́ tuntun, 2303 fún àtúnṣe, 2304 fún ìdáàbòbò àyíká. Èyí lè dà bí ọ̀rọ̀ akọ̀wé lásán, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ṣàǹfààní ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ owó. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé 2303 ni àtúnṣe yóò tètè rí i bí títì kan bá ń padà wá lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí títì tuntun. Ìdámọ̀ ibi tí iṣẹ́ wà náà ṣe pàtàkì, àmọ́ òun ni ó sábà máa ń ṣòro lò: bí iṣẹ́ bá wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bíi «kíkọ́ kọ́fáàtì káàkiri ìpínlẹ̀», ará Sókorí kò lè mọ̀ bóyá tirẹ̀ wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí.

Lẹ́yìn náà, àwọn iléeṣẹ́ á lọ gbèjà ìbéèrè wọn níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ 26. Àwọn aṣòfin lè dín iye kù tàbí kí wọ́n gbé e láti ibì kan sí òmíràn. Gómìnà á wá fọwọ́ sí i, nígbà púpọ̀ ní oṣù Kejìlá.

== Ìtúsílẹ̀ owó àti iṣẹ́ kọngílá ==

Òfin ìsúná kò ju àṣẹ láti ná owó lọ. Kí kọ́fáàtì tó bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba ìpolówó iṣẹ́ tàbí ìpè fún àwọn kọngílá, àyẹ̀wò iye tí wọ́n mú wá, ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ọ́fíìsì tí ń mójú tó gbígbé iṣẹ́ jáde, ìfọwọ́sí àdéhùn, àti ìwé àṣẹ ìnáwó. Kọngílá lè gba owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn tí báńkì bá ti ṣe onídùúró fún un. Ìyókù di ìgbà tí ẹnjiníà bá wọn ohun tí ó ti ṣe, tí ó sì kọ ìwé ẹ̀rí. Wọ́n á tún dá díẹ̀ dúró, tí ó sábà máa ń jẹ́ 5% tàbí 10%, títí ìgbà tí wọ́n bá rí i pé iṣẹ́ náà kò là, kò sì jìn.

Bí owó tí wọ́n retí kò bá wọlé, owó oṣù ni wọ́n ń kọ́kọ́ san, nítorí òṣìṣẹ́ lè daṣẹ́ sílẹ̀ ṣùgbọ́n gọ́tà tí wọn kò tíì gbẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àkànṣe ni ó máa ń gba ìyà ọ̀dá owó.

Ojú ọjọ́ tún dá kún un. Oṣù kẹta sí oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ ní Abẹ́òkúta, oṣù kọkànlá sí oṣù kejì sì ni ó dára jù láti da kọnkéré sínú odò. Bí gómìnà bá fọwọ́ sí ìsúná ní oṣù Kejìlá, tí ètò gbígbé iṣẹ́ jáde gba oṣù mẹ́rin, òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí kọngílá tó kó irin dé. Bí ó bá sì dúró de ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀lé e, ọdún ìsúná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún iṣẹ́ náà kọ sínú ìwé tuntun, ní iye owó ọjà tuntun. Ní ìlú tí àpáta wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ní ibi púpọ̀, tí omi òjò kì í tètè rì sí, tí ó sì ń ya lu àwọn odò kéékèèké, ìdádúró ẹ̀ẹ̀rùn kan kì í ṣe nǹkan kékeré; ìkún omi oṣù keje ọdún 2018 gba ẹ̀mí àti dúkìá nílùú náà.

== Ìjọba ìbílẹ̀ ==

Abẹ́òkúta pín sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ méjì, ti gúúsù tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Aké, àti ti àríwá tí tirẹ̀ wà ní Akọmọ́jẹ. Abala 162 ìwé òfin dá àpò àjọṣe sílẹ̀ láàárín ìpínlẹ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ní kí ìpínlẹ̀ fi ìdá kan nínú owó tí ó pa wọlé kún un. Láti inú àpò yìí ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì, kí ìyókù tó kan títì. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú, àti pé a lè san án fún wọn tààrà.

== Owó àjùmọ̀dá ==

Nínú ètò ìdàgbàsókè àdúgbò tí Báńkì Àgbáyé ṣonígbọ̀wọ́ rẹ̀, tí ó wá wọ inú NG-CARES, ètò ìrànlọ́wọ́ lẹ́yìn àrùn kòrónà, ní ọdún 2021, ará àdúgbò ló ń yan iṣẹ́, wọ́n ń dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń mú ìpín tiwọn wá, yálà owó, ilẹ̀ tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Fún ilé-ìwé, òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 ní kí ìpínlẹ̀ mú iye tí ó dọ́gba wá kí ó tó gba owó ìjọba àpapọ̀. Ìlà kékeré tí wọ́n kọ owó ìdákún sí nínú ìsúná ìpínlẹ̀ lè ṣí ìlẹ̀kùn owó mìíràn láti òde ìpínlẹ̀. Bí wọn kò bá tú u sílẹ̀, owó tọ̀hún á jókòó sí Àbújá.

== Ìṣípayá àti àyẹ̀wò ==

Láti ọdún 2018, ètò kan tí Báńkì Àgbáyé fi san ẹ̀san nígbà náà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ń ṣí ìṣirò owó wọn payá mú kí gbígbé ìwé ìsúná sórí íntánẹ́ẹ̀tì di àṣà. Ìròyìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni ó wúlò jù fún ará àdúgbò: ó to iye tí wọ́n fọwọ́ sí, iye tí wọ́n ná láàárín oṣù mẹ́ta náà, àti àpapọ̀ iye tí wọ́n ti ná láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Bí òdo bá wà níwájú iṣẹ́ kan títí di oṣù kẹsàn-án, owó rẹ̀ kò tíì jáde, ohun yòówù tí wọ́n ti sọ níbi ìfilọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tún dájọ́ pé òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti ọdún 2011 de àwọn ìpínlẹ̀ náà. CDA lè fi ìwé béèrè ẹ̀dà àdéhùn iṣẹ́ àdúgbò rẹ̀, ìjọba sì ní ọjọ́ méje láti dáhùn.

== Ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ ==

Bí wọ́n bá ti fa kọ́fáàtì lé ìlú lọ́wọ́, kíkó yẹ̀pẹ̀ àti ọ̀rá kúrò lẹ́nu rẹ̀ á kúrò lábẹ́ nọ́ńbà 23 ti iṣẹ́ àkànṣe, á bọ́ sábẹ́ 22 ti ìnáwó ojoojúmọ́, níbi tí ó ti gbọ́dọ̀ bá epo ọkọ̀ àti bébà du owó. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Abẹ́òkúta, owó oṣooṣù tí àwọn onílé ń dá ní ìpàdé CDA ni wọ́n fi ń gba ẹni tí yóò gbá a.