Bí living trust ṣe ń ṣiṣẹ́ fún tọkọtaya tó bímọ ní California

Ìwé ìhágún nìkan kò tó láti fi ilé lé ọmọ lọ́wọ́ ní California. Bí ilé bá wà lórúkọ òkú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá sí i. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní probate, ó sì lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ti dá owó lọ́yà lé e: ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lórí $100,000 àkọ́kọ́, ìdá 3 lórí $100,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 2 lórí $800,000 tó kàn. Lórí ilé mílíọ̀nù kan dọ́là, $23,000 nìyẹn, ẹni tó ń bójú tó ogún náà sì lẹ́tọ̀ọ́ sí iye kan náà. Wọn kì í yọ gbèsè báńkì kúrò kí wọ́n tó ṣírò o.

Ká ní Bàbá Tọ́lá àti Ìyá Tọ́lá dá living trust sílẹ̀, ìyẹn ìwé òfin tí èèyàn fi ń kó ohun ìní rẹ̀ sábẹ́ àbójútó nígbà tó ṣì wà láàyè, kí ohun ìní náà má baà gba probate kọjá. Àwọn ló ni ín, àwọn náà ni trustee tó ń darí rẹ̀, àwọn náà ló ń jẹ ẹ́. Wọ́n lè ta ilé, wọ́n lè yí ìwé náà padà, wọ́n lè fagi lé e. Owó orí kò yí padà. Ẹni tó bá ń rò pé yóò fi sá fún àwọn tó jẹ lówó ń tan ara rẹ̀ ni.

Bí rọpárọsẹ̀ bá mú ọ̀kan, èkejì á máa bá iṣẹ́ lọ láìlọ sí kọ́ọ̀tù. Bí àwọn méjèèjì bá kú, ẹni tí wọ́n ti yàn, bóyá àbúrò Ìyá Tọ́lá, á gba iṣẹ́ trustee. Owó tí kọ́ọ̀tù bá ń ṣọ́ fún ọmọdé, gbogbo rẹ̀ ló máa bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá pé ọdún 18. Trust lè ní kí wọ́n máa fi sanwó ilé ìwé, kí Tọ́lá gba ìdajì ní ọdún 25, kó gba ìyókù ní 30.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà rèé: wọ́n á buwọ́ lu ìwé, wọn kò ní kó nǹkan kan sínú rẹ̀. Àpò òfìfo ni. Ìwé ilé gbọ́dọ̀ kúrò lórúkọ tọkọtaya, kó di orúkọ wọn gẹ́gẹ́ bí trustee, níwájú nótárì, kí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ County Recorder, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé àti ilẹ̀ ní àgbègbè náà. Báńkì tó yáni lówó ilé kò lè torí èyí béèrè gbèsè lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n bá ṣì ń gbé ibẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1982 ló sọ bẹ́ẹ̀. Àkáǹtì báńkì náà á yí orúkọ. 401(k), ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì tí èèyàn ń kó jọ níbi iṣẹ́, ni kí wọ́n má fọwọ́ kàn: bí wọ́n bá gbé e, ó dà bíi pé wọ́n gba owó náà jáde, owó orí á sì jẹ nínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ajogún rẹ̀ ni wọ́n á kọ.

Ìwé ìhágún ṣì pọn dandan, torí inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń dárúkọ ẹni tó máa tọ́ Tọ́lá. Ilẹ̀ tó bá wà ní Ìbàdàn ńkọ́? Òfin ibẹ̀ ló ń darí ilẹ̀ ibẹ̀, nítorí náà wọ́n á ṣe ìwé ìhágún mìíràn ní Nàìjíríà. Kí lọ́yà ibẹ̀ má ṣe kọ ọ́ pé ó fagi lé gbogbo ìwé ìhágún àtẹ̀yìnwá, kó má baà pa ti California tó dárúkọ alágbàtọ́ Tọ́lá rẹ́.