Ẹ Ka Wákàtí Kí Ẹ Tó Ka Àtẹ̀gùn

Ìbéèrè tí àwọn tó fẹ́ gun òkè máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Àtẹ̀gùn mélòó ló wà níbẹ̀?" Èmi náà á bi wọ́n pé, "Aago mélòó lẹ fẹ́ kúrò nílé?" Nínú gbogbo èèyàn tí mo ti fọ̀nà hàn lórí òkè, díẹ̀ ni gíga òkè dá lágara. Oòrùn ló sábà máa ń bá wọn lójú ọ̀nà.

Òkúta líle ni púpọ̀ nínú àwọn òkè tiwa, gbalasa, láìsí igi tó lè ṣíji boni. Láti àárọ̀ ni òkúta ti ń fa ooru mọ́ra. Nígbà tó bá fi di aago 12, bí ooru ṣe ń bọ̀ látòkè ló ń ru sókè lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí òjò bá sì rọ̀, òkúta kì í mu omi bí ilẹ̀; ojú ọ̀nà tí ẹ gbà gòkè gan-an lomi náà máa gbà sọ̀kalẹ̀. Oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù: òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ kò sì tíì bo ojú ọ̀run, èèyàn á rí ọ̀nà jíjìn.

Ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn, tí kò gun òkè rí, kó kọ́kọ́ lọ sí Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Kò ga púpọ̀, àtẹ̀gùn sì wà. Ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, ní nǹkan bí ọdún 1830, ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ojú ibi tí wọ́n ti ń lọ nǹkan lórí àpáta. Ẹ fọwọ́ kan ibẹ̀, ẹ rò ó wò pé àwọn ìyá kan kúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ oúnjẹ ọmọ wọn.

Àdó-Àwáyè, lápá Ìṣẹ́yìn, ni ọkàn mi fà sí jù. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 300, ó sì dà gẹ̀rẹ́. Ẹ má sáré. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ tí èémí rẹ̀ ń já ti ń yára jù. Kó dín ìrìn kù títí yóò fi lè sọ gbólóhùn kan parí. Lókè ni adágún Ìyákẹ̀ wà, omi tó dúró lórí àpáta. Àwọn ará ìlú gbà pé ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ kì í padà, nítorí náà ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ilé onílé la wà. Ibì kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé, Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run. Orúkọ yẹn ti kìlọ̀ tó. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni kẹ̀yìn sí etí àpáta nítorí fọ́tò.

Ìdànrè, ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ ló sún mọ́ jù. Mọ́tò kì í pẹ́ débẹ̀. Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn bọ̀, kó sun Àkúrẹ́ mọ́jú. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Àṣìṣe tí mo ń rí ni pé àwọn èèyàn ń ná gbogbo agbára wọn tán lórí àtẹ̀gùn, láìmọ̀ pé ibi tó parí sí gan-an ni ìlú àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ààfin Ọwá ń bẹ níbẹ̀, àti ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé tí wọ́n lò kí wọ́n tó ṣí lọ sísàlẹ̀. Ìrìn ibẹ̀ kò kéré. Bí aago 1 bá lù, ibi yòówù kí a dé, a ó yíjú padà.

Omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Bàtà kanfáàsì tí ìdí rẹ̀ kò tíì jẹ, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Mo bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fòníkú-fọ̀ladìde pàápàá: òùngbẹ àti àárẹ̀ lè ta ìrora yín jí, ẹ má ṣe dákẹ́ fún ẹni tó ń ṣamọ̀nà yín. Bí òòyì bá ń kọ́ ẹnì kan, tàbí tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá ìrànlọ́wọ́ kíákíá.

Nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ ni orúnkún máa ń jìyà jù, ibẹ̀ náà lèèyàn ti ń yọ̀ ṣubú, torí ọkàn ti kúrò lára ẹsẹ̀. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ gbé ìgbésẹ̀ kúkúrú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá jù ni mo máa ń fi síwájú, kí ìyókù tẹ̀ lé e. Èmi á wà lẹ́yìn, mo ti ka iye wa lókè, màá tún un kà ní ìsàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọ mọ́tò.